Okùn Aago

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Kunjírámánì fi ṣe kọ̀ndọ́.
Bọ́ọ̀sì ìjọba, pupa nísàlẹ̀, rẹ́súrẹ́sú lókè,
tí kò ní gíláàsì lójú fèrèsé;
bí òjò bá dé, tapólì ni wọ́n ń tú sílẹ̀.
Okùn aago gùn lókè orí rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn:
ó fà á lẹ́ẹ̀kan, awakọ̀ dúró,
ó fà á lẹ́ẹ̀mejì, ayé tún ń lọ.
Kò sí ìlú tí kò mọ orúkọ rẹ̀ ní Kẹ́rálà,
ó ń ké wọn bí ẹni ń pe ọmọ wá jẹun,
kò sì sọ̀ kalẹ̀ síbì kankan rí
àfi kó tọ̀, àfi kó mu tíì lóòró.

Èmi ńkọ́? Mo wà nílé, lẹ́yìn Kásárágódì,
mo ń fọ kakí rẹ̀.
Àjákù tíkẹ́ẹ̀tì tó bá gbàgbé sápò,
mo máa ń yọ ọ́ kí n tó rẹ aṣọ.
Inú omi ọṣẹ ni mo ti rin ìrìn àjò tèmi.

Ọjọ́ tí wọ́n da ṣáálì bò ó léjìká tí wọ́n ní ó tó gẹ́ẹ́,
ó fi àpò awọ rẹ̀ kọ́ ìṣó.
Ó ní, "Mádáfí, di ẹrù."
Mo ní, "Ibo là ń lọ?"
Ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké wọn.

Kọ̀ndọ́ ọkọ̀ wa, ọmọdébìnrin ni,
ẹ̀rọ kékeré kan ló fi tẹ tíkẹ́ẹ̀tì jáde.
Ọkọ mi fi ọwọ́ méjèèjì gba tiẹ̀,
bí ìgbà tí wọ́n gbé àkọ́bí wa fún un.
Kò kọ́kọ́ lè jókòó. Ó di irin mú títí a fi dé òkè.

Ní Wayanáádì, kùrukùru ò jẹ́ ká rí ẹsẹ̀ ara wa.
Ìyèré pọ̀n mọ́ igi bí ọmọ tí kò fẹ́ sọ̀ kalẹ̀.
Ìyá kan tó ń já kọfí, Ṣírútà, fún mi ní èso pupa kan pọ́n lá.
Háà! Láti ìgbà tí mo ti ń mu ún,
n kò mọ̀ pé ó dùn kó tó korò.

Munáárì: tíì bo òkè bí irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gẹ̀.
Ẹni tó ń ta tíì létí ibùdókọ̀ wo ọkọ mi, wò ó, kò dá a mọ̀,
àfi ìgbà tó ké pé, "Méjì, ṣúgà díẹ̀!"
Ọkùnrin náà yọ bẹ́ńṣì jáde, ó nù ún.
Ó ní, "O lè jókòó lónìí."

Alapúsà la ti jà.
Àwọn tó ń lọ́ ìrẹsì wà nísàlẹ̀,
ọkọ̀ ojú omi wa ń kọjá níbi tí orí wọn ga dé,
darandaran kan ń da ẹgbẹ̀rún pẹ́pẹ́yẹ gba ẹ̀gbẹ́ wa,
ọkọ mi ò rí ọ̀kankan. Aago ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò.
Mo ní, "Kunjírámánì, kò sẹ́ni tó ń retí wa níbì kankan!"
Ó dákẹ́ títí pẹ́pẹ́yẹ fi tán.
Ó ní, "Ohun tó ń dẹ́rù bà mí nìyẹn."
Mo bu ẹja sí abọ́ rẹ̀. Kí ni mo tún fẹ́ sọ?

Nígbà tí ilẹ̀ tán ní gúúsù,
òkun tó wà lẹ́yìn ilé wa náà la tún bá níbẹ̀,
iyọ̀ kan náà, ariwo kan náà,
ó kàn jẹ́ pé a ti rẹ̀.
Ó ká ṣòkòtò, ó wọ̀ ọ́ dé orúnkún tó ń dùn ún,
ó ń rẹ́rìn-ín sí nǹkan tí n kò rí.

Ìlú kankan ò ti ẹnu rẹ̀ jáde nígbà tí a ń bọ̀ wálé.
Ó sùn lé mi léjìká, itọ́ rẹ̀ rin aṣọ mi.
Òru ti jìn nígbà tí mo rí igi àgbọn títẹ̀ tó wà lórígun wa.
Mo rọra na ọwọ́ sókè,
mo fa okùn náà lẹ́ẹ̀kan.